Àmì Tí Ojú Lè Kà: Ìtàn Ìwé Ìtọ́sọ́nà Nínú Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹ̀là lọ̀rọ̀. Bí a kò bá là á, kì í yéni. Iṣẹ́ yìí gan-an ni ìwé ìtọ́sọ́nà ń ṣe fún ẹni tí ń lo ẹ̀rọ. A ó tọpa ìtàn àwọn àmì tí a fi ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kí a fi ohun kan sọ́kàn: oríṣi àmì méjì ni ó wà, àmì tí ń ṣe ètò ọ̀rọ̀ àti àmì tí ó jẹ́ ara ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá da méjèèjì pọ̀ yóò ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Ní 1964, Jerome Saltzer, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tí ó ń jẹ́ RUNOFF. Òǹkọ̀wé yóò tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti rí. Ìlà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìdánudúró ni àṣẹ fún ẹ̀rọ. Àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ ni roff, èyí tí a fi ṣètò ìwé ìtọ́sọ́nà Unix tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie gbé jáde ní Bell Labs ní 1971. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, bẹ́ẹ̀ ni àmì ń pọ̀ sí i. Ní 1986, àjọ ISO fọwọ́ sí SGML, èyí tí HTML ti Tim Berners-Lee yá àṣà rẹ̀ lò: àmì bí orí ọfà, < àti >, ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Ó tẹ́ ẹ̀rọ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ojú ènìyàn a máa wá ọ̀rọ̀ kiri láàrin àmì.

Àwọn tí ń kọ ímeèlì ti dá ọgbọ́n tiwọn. Wọ́n ń fi àmì ìràwọ̀ * yí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ tẹnu mọ́ ká. John Gruber kó irú àṣà bẹ́ẹ̀ jọ ní 2004, Aaron Swartz sì ràn án lọ́wọ́. Wọ́n pè é ní Markdown. Àmì # ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà ni àkọlé. Ète wọn ni pé kí ènìyàn lè ka ìwé náà kí ẹ̀rọ tó fọwọ́ kàn án rárá. Àwọn oní-Python pàápàá kó ìwé ìtọ́sọ́nà wọn kúrò nínú LaTeX sínú reStructuredText, tí òun náà jẹ́ ìlànà ìrọ̀rùn.

Àmọ́ Gruber kò la gbogbo òfin náà yé, olúkúlùkù sì ń túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti wù ú. Ní 2014 ni John MacFarlane, ọ̀jọ̀gbọ́n fìlọ́sọ́fì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé CommonMark jáde láti fìdí òfin náà múlẹ̀. Irú wàhálà yìí kò ṣàjèjì sí wa: nítorí àkọtọ́ Yorùbá ni ìjọ CMS ṣe pe ìpàdé ní Èkó ní 1875, títí ìjọba fi fọwọ́ sí àkọtọ́ ti 1974.

Níbi àkọtọ́ yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. ASCII ti 1963, tí ìwé inú kọ̀ǹpútà dúró lé fún ìgbà pípẹ́, kò ní àmì ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni kò ní àmì ohùn wa. Nínú rẹ̀, oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Unicode, tí a kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1991, ni ó ṣílẹ̀kùn fún wa.

Bí a bá pa ìràwọ̀ Markdown rẹ́, ọ̀rọ̀ yóò dúró. Bí a bá pa àmì ìsàlẹ̀ ọkọ́ rẹ́, àgbẹ̀ kò ní irinṣẹ́ mọ́. Nítorí náà, ẹni tí yóò kọ ìwé ìtọ́sọ́nà ní èdè Yorùbá lè dín àmì ètò kù bí ó bá ti fẹ́; kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àmì tí ó jẹ́ ara ọ̀rọ̀.