Area nínú OSPF

Area ni OSPF, ìlànà tí àwọn rúútà fi ń wá ọ̀nà fún dátà, ń pe ìpín kọ̀ọ̀kan nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńlá. Àwọn rúútà inú area kan náà ló mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ibẹ̀. Bí wáyà kan bá já, àwọn ló máa tún ìṣirò ọ̀nà ṣe, ariwo rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kan àwọn tó kù. Area 0 ni òpó tí gbogbo area yòókù ń so mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìlànà OSPF, RFC 2328 ti ọdún 1998, ṣe là á sílẹ̀.

Bí ẹ bá ṣí ètò area nínú sọ́fítíwia tí ẹ fi ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ máa rí nọ́ńbà rẹ̀: 1 tàbí 0.0.0.1, ọ̀kan náà ni. Irú area ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Stub, ọ̀kan nínú àwọn irú náà, kì í gba ìròyìn ọ̀nà tó ti ẹ̀yìn OSPF wá. Bí rúútà kan bá pe area ní stub, tí èkejì tó kọjú sí i kò pè é bẹ́ẹ̀, wọn kò ní gba ara wọn ní aládùúgbò, bí wáyà tilẹ̀ dá ṣáká. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wò kí ẹ tó tú wáyà kankan.