Ẹja tí a Gbé Gun Òkè

Bí àlejò bá wọ ìlú, tí ó bá àgbàlagbà kan tí ó jókòó ní ìdí igi ọ̀dán, kíá ni yóò rò pé ọmọ ìlú náà ni bàbá yìí, pé ibẹ̀ ni a ti bí i. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ogun ni ó lé bàbá náà dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹja kan rí, tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọgbà ńlá kan wà tí a ń pè ní Yellowstone. Ọdún 1872 ni ìjọba ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi dá oko tàbí kí ó fi kọ́ ilé ara rẹ̀. Ní orí òkè nínú ọgbà yìí ni adágún omi kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Grebe. Ó fi nǹkan bí 8,000 ẹsẹ̀ bàtà ga ju òkun lọ. Ọkọ̀ kò lè dé ibẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ dé ibẹ̀ yóò fi ẹsẹ̀ rin nǹkan bí máìlì mẹ́ta nínú igbó igi páìnì, yóò gbé ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ lé èjìká, yóò sì máa pa ẹ̀fọn lára bí ó ti ń lọ. Kì í ṣe ekòló ni ó fi sí ẹnu ìwọ̀ rẹ̀. Ìyẹ́ ẹyẹ àti òwú ni ó wé mọ́ irin kékeré náà títí tí ó fi jọ kòkòrò tí ó bà lé ojú omi. Bí ó bá ju okùn rẹ̀ síwájú, tí kòkòrò ẹ̀tàn náà rọra bà, ẹja yóò yọ láti ìsàlẹ̀, yóò sì gbé e hán-ùn.

Grayling ni wọ́n ń pe ẹja yìí. Ara rẹ̀ ń dán bí fàdákà, lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ga, ó fẹ̀ bí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi, pẹ̀lú àmì pupa àti àwọ̀ aró tí ń kọ mọ̀nà nínú oòrùn. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é, Thymallus, wá láti ara ewé olóòórùn dídùn kan tí ó jẹ́ ìbátan ẹfinrin wa, nítorí àwọn ará àtijọ́ sọ pé òórùn ewé náà ni ẹja yìí ń run nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un jáde nínú omi.

Ẹni tí ó rin ìrìn yìí yóò mí kanlẹ̀, yóò wo òkè yíká, yóò sì wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, “Bí Ọlọ́run ti dá a nìyí.” Ibẹ̀ ni ó ti ṣìnà. Kí ó tó di ọdún 1921, kò sí ẹja grayling kan ṣoṣo nínú adágún Grebe. Odò Gibbon ni ó ń ṣàn jáde láti inú adágún náà, ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀, odò yìí já wálẹ̀ láti orí àpáta tí gíga rẹ̀ ju 80 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ìsàlẹ̀ àpáta yìí ni grayling ń gbé láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sì sí ẹja tí ó lè fo irú rẹ̀ gòkè. Ènìyàn ni ó gbé e gun òkè. Kí ni ó dé tí wọ́n fi gbé e? Ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀.

Ẹja omi tútù ni grayling. Ó pọ̀ ní Alaska, ní Kánádà àti ní Síbéríà. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ ààlà Kánádà, ibi méjì péré ni a ti bá a ní Amẹ́ríkà: àwọn odò Michigan, àti òkè odò Missouri ní Montana àti àyíká rẹ̀. Nígbà tí yìnyín ńlá ayé àtijọ́ yọ́ tán tí ó sì fà sẹ́yìn lọ sí àríwá, àwọn ẹja wọ̀nyí ni ó ṣẹ́kù sẹ́yìn, bí ará ilé tí ó kù ní ahoro.

Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹjọ ọdún 1805, Meriwether Lewis, ẹni tí Ààrẹ Jefferson rán láti wá ọ̀nà dé òkun ìwọ̀-oòrùn, ní kí àwọn ènìyàn rẹ̀ di ẹ̀ka igi pọ̀, kí wọ́n sì wọ́ ọ nínú odò bí àwọ̀n. Láàárín wákàtí méjì, wọ́n kó ẹja 528. Ó pín èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn fún àwọn Shoshone tí wọ́n wà níbẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun rí bíi mẹ́wàá tàbí méjìlá nínú wọn tí wọ́n funfun, irú èyí tí òun kò rí rí. Àwọn onímọ̀ gbà pé grayling ni.

Ní Michigan, ẹja náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń fi ọkọ̀ ojú irin kó o lọ tà ní Chicago. Ìlú kan tilẹ̀ wà ní ẹ̀bá odò Au Sable tí a fi orúkọ ẹja yìí sọ: Grayling ni ìlú náà ń jẹ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n àwọn agégi dé. Wọ́n gé igi páìnì ńláńlá, wọ́n sì ń fi odò gbé gẹdú lọ sí ibi tí wọ́n ti ń là á. Ìgbà ìrúwé, tí omi kún, ni wọ́n ń taari gẹdú sí odò. Ìgbà náà gan-an sì ni grayling ń yé ẹyin sórí òkúta wẹ́wẹ́ ní ìsàlẹ̀ omi. Gẹdú fọ́ ẹyin, oòrùn pa odò tí kò ní ibòji mọ́, apẹja kó èyí tí ó kù, ẹja trout tí a gbé wá láti ibòmíràn sì gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ẹja. Ní nǹkan bí ọdún 1936, ó tán pátápátá ní Michigan. Ìlú náà ṣì ń jẹ́ orúkọ ẹja, ẹja kò sí nínú odò ìlú mọ́.

Ní Montana, kò tán, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀. Wọ́n fi ògiri sé odò, àwọn àgbẹ̀ ń fa omi sí oko koríko màlúù wọn, wọ́n sì da ẹja trout àjèjì sínú odò. Lónìí, ibi tí ẹja náà ṣì ń gbé nínú odò kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ogún ibi tí ó ń gbé tẹ́lẹ̀. Odò Big Hole ni ó di ibi ààbò rẹ̀.

Báyìí ni a ṣe dé orí òkè. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rí i pé odò ń bàjẹ́, wọ́n ń gba ẹyin grayling, wọ́n ń pa á ní ilé ìsìn-ẹja, wọ́n sì ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí adágún orí òkè, níbi tí omi tutù tí ó sì mọ́. Ó dára fún ẹja, ó sì dára fún apẹja. Láti inú adágún Grebe fúnra rẹ̀ ni a tún ti ń gba ẹyin ránṣẹ́ sí ibòmíràn. Ìran ẹja náà kò parun. Ó yẹ kí a kí wọn kú iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ dá ẹja adágún padà sí odò, ọ̀rọ̀ yí padà. Léraléra ni wọ́n dà á sí odò, léraléra ni kò sì fìdí múlẹ̀. Àwọn onímọ̀ wá tọ́ ọmọ ẹja odò àti ọmọ ẹja adágún ní ibì kan náà, wọ́n sì kó wọn sínú omi tí ń ṣàn. Ọmọ ẹja odò kọjú sí ìṣàn omi, ó dúró gbọn-in sí ààyè rẹ̀. Ọmọ ẹja adágún jẹ́ kí omi gbé òun lọ. Ara kan náà ni, lẹbẹ kan náà ni, ṣùgbọ́n agbára láti dúró lójú ìṣàn omi kò sí lára èyí tí ó ti pẹ́ nínú adágún.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ibi tí mo ń lọ nìyí. A lè gbé nǹkan pamọ́ títí tí orúkọ àti àwòrán rẹ̀ nìkan yóò fi kù. Bí a bá gba ẹja là tí a kò gba odò rẹ̀ là, ìdajì iṣẹ́ ni a ṣe.

Ó dára pé àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdajì kejì. Láti ọdún 2006, àwọn onílẹ̀ kan ní ẹ̀bá odò Big Hole ti bá ìjọba ṣe àdéhùn láti fi omi sílẹ̀ fún ẹja, kí wọ́n sì tún bèbè odò ṣe. Ní odò Ruby, wọ́n gbé korobá tí omi odò ń gbà inú rẹ̀ kọjá sí etí odò, wọ́n sì kó ẹyin tí ó jẹ́ ti ìran ẹja odò sínú rẹ̀, kí ọmọ ẹja lè ṣí ojú sínú omi tí yóò jẹ́ ilé rẹ̀. Ní Michigan, ìjọba àti àwọn ọmọ onílẹ̀ tí a ń pè ní Little River Band of Ottawa Indians dìde ní ọdún 2016 láti dá grayling padà sí odò wọn. Ní Yellowstone pàápàá, láti ọdún 2017, wọ́n mú trout àjèjì kúrò nínú adágún Grebe, wọ́n sì tún kó grayling síbẹ̀.

Nítorí náà, apẹja tí ó bá gun òkè dé Grebe yóò lo ìwọ̀ tí kò ní ìkọ́ etí, nítorí òfin ọgbà ni. Bí ó bá sì mú grayling, yóò rọra tú u sílẹ̀ padà sínú omi. Kí ó wo lẹbẹ náà dáadáa kí ó tó tú u sílẹ̀. Kí ó má sì ṣe gbàgbé pé àlejò ni òun àti ẹja náà lórí òkè yẹn. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ẹja tí a kò bá rántí odò rẹ̀, adágún nìkan kò tó o.