Àwọn Tí Ó Tẹ Òṣòdì àti Ìsolò Dó

Bí a bá bi ọmọ Èkó léèrè ẹni tí ó kọ́ Òṣòdì, yóò dárúkọ gómìnà tí ó la títì tàbí èyí tí ó kọ́ ibùdókọ̀. Èsì náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò ju ìdajì òtítọ́ lọ. Ará àdúgbò ni í kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ dó, òun ni í sọ ọ́ lórúkọ, òun náà ni í ṣe òfin bí a ó ti máa bá ara wa gbé. Ìjọba a máa bọ̀ lẹ́yìn, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọ̀dà, nígbà mìíràn pẹ̀lú katapílà. Kí ni ẹ̀tọ́ ẹni tí ó tẹ ibì kan dó nígbà tí ìjọba bá dé? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti òní. Orúkọ Òṣòdì gan-an ni ó gbé e wọ ilé ẹjọ́.

Ilẹ̀ Tápà ni a ti bí Balógun Òṣòdì Tápà. Ọmọdé ni nígbà tí ó dé Èkó, tí ó sì di ará ilé Ọba Òṣìnlókun. Ó lọ sí Bràsíìlì, ó padà bọ̀, ó sì di olórí ogun Kòsọ́kọ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè ní 1851, Òṣòdì bá olúwa rẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ní 1862, lẹ́yìn ìgbà tí Èkó ti bọ́ sí ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó padà wálé pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Wọ́n fún wọn ní ilẹ̀ ní erékùṣù Èkó, wọ́n sì pín in sí agbo ilé 21, olúkúlùkù pẹ̀lú olórí tirẹ̀. Àwọn tí ó ti Ẹ̀pẹ́ dé ni ó tẹ ibẹ̀ dó, nítorí náà ni a ṣe ń pe àdúgbò náà ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Òṣòdì kú ní 1868.

Ọ̀ràn dé nígbà tí ìjọba gba díẹ̀ nínú ilẹ̀ yìí. Ta ni kí ó gba owó rẹ̀? Ṣé Olóyè Òṣòdì ni, tí bàbá ńlá rẹ̀ kó àwọn ènìyàn náà jọ? Tàbí àwọn arọ́tà, ìyẹn ìran àwọn tí ó ti sin Òṣòdì rí, tí wọ́n ń gbé agbo ilé wọ̀nyí láti ìran dé ìran? Ẹjọ́ náà dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1930, nígbà tí ó sì di 1947, ìjọba ní láti ṣe òfin kan fún ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó nìkan. Ẹ kíyè sí ohun kan níhìn-ín. Ọmọ ìwọ̀fà àti ọmọ ẹrú ìjọ́hun kò ní agbára, ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n ti gbé ilẹ̀ náà pẹ́, a kò lè pín owó rẹ̀ láìgbọ́ tẹnu wọn.

Orúkọ Òṣòdì yìí kan náà ni ìtàn àtẹnudẹ́nu so mọ́ Òṣòdì tí ó wà ní òkè ọ̀sà. Ilẹ̀ Àwórì ni gbogbo agbègbè náà, Ìsolò tí ó wà nítòsí sì jẹ́ ìlú Àwórì àtijọ́ tí ó ní ọba tirẹ̀. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀nà rélùwéè láti Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Òṣòdì di ọ̀kan nínú ibi tí ọkọ̀ ń dúró. Ibi tí èrò bá sì ti ń sọ̀ kalẹ̀, ọjà kì í pẹ́ hù níbẹ̀.

Láti 1954, ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni Èkó wà, ṣùgbọ́n Mùṣín, Òṣòdì àti Ìsolò wà lábẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn títí di ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967, nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tí kò rí yàrá háyà ní Èkó rékọjá ààlà, wọ́n ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìdílé onílẹ̀, wọ́n sì kọ́lé ọlọ́pọ̀ yàrá tí ilẹ̀kùn wọn dojú kọra. Ilé pọ̀ kí omi ẹ̀rọ àti títì ọlọ́dà tó dé. Àwọn onílé bá pàdé. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n la gọ́tà, wọ́n gba ọlọ́dẹ, wọ́n ń parí ìjà láàárín ayálégbé àti onílé. Sandra Barnes, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí ní Mùṣín, fi hàn nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1986 pé ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ onílé gbà di àgbà àdúgbò, tí wọ́n sì di ẹni tí àwọn olóṣèlú ń wá kiri.

Ibi tí ìjọba ti kọ́kọ́ kọ́lé pàápàá, ará ibẹ̀ a tún un kọ́. Ní ayé Jákáńdè, láàárín 1979 sí 1983, ìjọba kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí Òkè-Àfà ní Ìsolò. Kò pẹ́ tí àwọn tí ń gbé inú wọn fi yọ ìsọ̀ sí iwájú, tí wọ́n ṣe ọgbà, tí wọ́n sì fi géètì sí ẹnu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ní Òṣòdì ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Nígbà tí títì márosẹ̀ tí ó wá láti Àpápá pàdé ọ̀nà Agége, ẹ̀yìn títì àti ojú irin di ọjà. Bí fèrè rélùwéè bá dún, gbogbo wọn a gbé ẹrù kúrò, ọkọ̀ a kọjá, wọn a sì tún pàtẹ. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé kò léwu. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kò jẹ́ kí ọkọ̀ rìn, àwọn jàǹdùkú sì sọ òru ibẹ̀ di ẹ̀rù. Ní oṣù kìn-ín-ní 2009, ìjọba Fáṣọlá wó àwọn ìsọ̀ náà, ọ̀nà sì là. Ní oṣù kìn-ín-ní 2016, ìjọba Àḿbọ̀dé wó ọjà Owónífàárí, wọ́n sì ní kí àwọn ọlọ́jà lọ sí Ìsọpákódowó ní Bọ́ládé. Ní oṣù kẹrin 2019 ni a ṣí ibùdókọ̀ ńlá mẹ́ta ní Òṣòdì.

Èmi kò sọ pé kí ọjà máa wà lórí irin. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá, kí ó tún orúkọ yẹn gbọ́: ìsọ pákó di owó. Iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe nìyẹn. Wọ́n gba ibi tí kò níye lórí, wọ́n sọ ọ́ di owó, àǹfààní náà sì kan gbogbo ìlú. Ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, a bi ara wa léèrè ẹ̀tọ́ àwọn tí ó tẹ ilẹ̀ dó kí a tó pín owó. Ní Òṣòdì, ariwo katapílà ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà fi mọ̀ pé a ti dá ẹjọ́ wọn. Ohun tí àwọn adájọ́ ìlú òkèèrè kò lè fojú fò dá fún arọ́tà, kò yẹ kí àwa fojú fò ó fún ọmọ ìyá wa.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 621,509 ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì àti Ìsolò. Ìtàn wọn kò sí nínú ìwé. Ó wà lẹ́nu àwọn ìyálọ́jà, ó wà nínú ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ onílé, ó sì wà nínú orúkọ òpópónà. Bí ẹ bá lọ ilé ní ọlidé, ẹ mú bírò àti ìwé dání, ẹ bi àwọn àgbà léèrè ẹni tí ó la gọ́tà, ẹni tí ó sọ òpópónà lórúkọ, àti iye tí olúkúlùkù dá. Bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ wó ibẹ̀ lọ́la yóò ní ẹni tí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá lóhùn.