Ilẹ̀ iyanrìn etí odò ní gúúsù Èkìtì

Ilẹ̀ iyanrìn etí odò ni ilẹ̀ tí omi odò kó jọ sí ẹ̀bá ara rẹ̀ nígbà tó bá kún bo bèbè, tí iyanrìn inú rẹ̀ sì pọ̀ ju amọ̀ lọ. Ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ní agbègbè Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré, a máa ń rí irú ilẹ̀ yìí ní ẹ̀bá odò Ògbèsè àti ní àfonífojì àwọn ìṣàn kéékèèké. Ó wà lára ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní àkùrọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àkùrọ̀ ni ilẹ̀ iyanrìn, nítorí amọ̀ ló pọ̀ jù nínú òmíràn. Ohun tí a fi ń dá a mọ̀ ni pé ó sún mọ́ omi, síbẹ̀ kò lè di omi mú. Omi a máa bò ó nígbà òjò, ohun ọ̀gbìn orí rẹ̀ a sì máa rọ láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí òjò bá dá.

Agbègbè àti ojú ọjọ́

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, Ìsẹ̀-Èkìtì àti Èmùré-Èkìtì ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀/Ọ̀rùn àti Èmùré. Wọ́n wà nínú Ìpínlẹ̀ Èkìtì, èyí tí wọ́n yọ kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1996. Igbó kìjikìji ni ó bo apá gúúsù yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí apá àríwá ìpínlẹ̀ náà súnmọ́ ilẹ̀ ọ̀dàn. Òjò máa ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá, ó sì sábà máa ń dá díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kẹta ni ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Odò Ògbèsè ń ṣàn lọ sí gúúsù wọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ó ti ń dàpọ̀ mọ́ odò Ọ̀sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìṣàn kéékèèké agbègbè náà ni ó máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Bí ilẹ̀ náà ṣe dá

Orí òkúta líle àtijọ́ ni gúúsù Èkìtì wà. Gíránáítì, gneiss àti charnockite ni ó pọ̀ jù nínú wọn, àwọn òkè bí Olósùnta àti Òròlé ní Ìkẹ́rẹ́ sì ń fi hàn bí òkúta náà ṣe yọrí sókè. Oòrùn, òjò àti gbòǹgbò igi a máa fọ́ òkúta wọ̀nyí díẹ̀díẹ̀. Feldspar inú rẹ̀ a di amọ̀, ṣùgbọ́n kúwátìsì, èyí tí ó le jù, kì í jẹrà. Òun ni ó ń di iyanrìn. Ọ̀gbàrá a wọ́ iyanrìn náà wá sí ẹsẹ̀ òkè, lẹ́yìn náà sínú odò.

Nígbà tí odò bá kún bo bèbè, eré rẹ̀ a dínkù lójijì. Iyanrìn tó wúwo ni ó kọ́kọ́ ń rì, nítòsí bèbè, tí ó sì ń di òkìtì gbọọrọ tó ga díẹ̀ ju àyíká rẹ̀ lọ. Erùpẹ̀ kíkúnná tó rọ̀ bí ìyẹ̀fun a lọ síwájú díẹ̀. Amọ̀ ni ó ń jìnnà jù, a sì rọra rì sí kòtò tó wà lẹ́yìn òkìtì náà. Nítorí èyí, ẹni tó bá rìn láti bèbè odò lọ sí ẹsẹ̀ òkè lè ba iyanrìn pàdé ní àkọ́kọ́, kí ó tó kan amọ̀, kí ó tún wá kan iyanrìn tí ọ̀gbàrá kó wá láti òkè.

Àwọn àbùdá rẹ̀

Hóró: Nínú ìpín tí Iléeṣẹ́ Ọ̀gbìn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń lò, hóró iyanrìn wà láàárín mìlímítà 0.05 sí 2, hóró amọ̀ kò sì tó mìlímítà 0.002. Àlàfo àárín hóró iyanrìn tóbi, nítorí náà omi àti afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ilẹ̀ náà rọrùn láti ro, kì í lẹ̀ mọ́ ọkọ́ nígbà òjò, kì í sì í sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn bí ilẹ̀ amọ̀ ti máa ń ṣe.

Ìpele: Ìkún omi kọ̀ọ̀kan ń fi ìpele tirẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá gbẹ́ kòtò, a lè rí iyanrìn líle lórí erùpẹ̀ kíkúnná, kí a sì tún bá ilẹ̀ dúdú ayé àtijọ́ tí iyanrìn bò mọ́lẹ̀.

Omi: Gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tí Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Àgbáyé gbé kalẹ̀, ilẹ̀ iyanrìn lè fa ju mìlímítà 30 omi lọ ní wákàtí kan, nígbà tí ilẹ̀ amọ̀ ń fa 1 sí 5 péré. Ṣùgbọ́n omi tí iyanrìn lè pa mọ́ fún ohun ọ̀gbìn kò ju mìlímítà 25 sí 100 lọ nínú mítà kan ìjìnlẹ̀; ti amọ̀ jẹ́ 175 sí 250. Bí àpẹẹrẹ, bí ilẹ̀ iyanrìn kan bá ń pa mìlímítà 60 mọ́ nínú mítà kan, tí gbòǹgbò àgbàdo sì wọlẹ̀ dé ìdajì mítà, mìlímítà 30 péré ni àgbàdo náà ní. Bí ó bá ń lo mìlímítà 5 lójúmọ́, omi náà yóò tán pátápátá ní ọjọ́ mẹ́fà, ewé yóò sì ti máa ká kò kí ọjọ́ náà tó pé.

Omi abẹ́ ilẹ̀ tún ní ipa tirẹ̀. Nígbà òjò, ó máa ń ru sókè pẹ̀lú odò, a sì kún àlàfo inú iyanrìn títí gbòǹgbò kò fi ní rí afẹ́fẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń fà sẹ́yìn bí odò ṣe ń fà. Iyanrìn líle kò sì lè fa omi sókè jìnnà láti ìsàlẹ̀, nítorí náà ohun ọ̀gbìn tí gbòǹgbò rẹ̀ kúrú lè gbẹ nígbà tí omi kò jìnnà sí abẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rá ilẹ̀: Kúwátìsì kì í di oúnjẹ ohun ọ̀gbìn mú. Amọ̀ àti ewé tó ti jẹrà ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, wọn kò sì pọ̀ nínú iyanrìn. Òjò ńlá a máa fọ nàìtírójìn àti pòtásíọ̀mù lọ sísàlẹ̀, títí wọn yóò fi wọ inú odò.

Àwọ̀: Òkè ilẹ̀ náà sábà máa ń dúdú díẹ̀ nítorí ewé tó jẹrà, abẹ́ rẹ̀ a sì máa funfun tàbí kí ó rí bí eérú. Àmì pupa bí ìpẹtà inú ilẹ̀ ń fi hàn ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ máa ń ru dé.

Orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ ilẹ̀

Ìwé tí A. J. Smyth àti R. F. Montgomery kọ lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí ó jáde ní ọdún 1962, ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ṣì ń tọ́ka sí jù ní ilẹ̀ Yorùbá. Orúkọ ìlú ni ìwé náà fi pe ọ̀pọ̀ irú ilẹ̀, bí Ìwó, Ẹ̀gbẹ́dá àti Oǹdó. Àpòmù ni orúkọ ilẹ̀ iyanrìn tí ọ̀gbàrá wọ́ wá sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, Jago sì jẹ mọ́ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ àfonífojì. Nínú ètò ìpín àgbáyé, Fluvisols ni orúkọ ilẹ̀ tí odò kó jọ ní ìpele ìpele. Arenosols ni ilẹ̀ tí iyanrìn gbilẹ̀ nínú rẹ̀.

Lílò rẹ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ilẹ̀ yìí níyì jù. Bí omi bá ti ń fà, àgbẹ̀ lè gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú, ilá, ata, tòmátò àti àgbàdo, kí ó sì máa bu omi rin wọ́n láti inú odò tàbí kànga tí kò jìn. Ìwọ̀nba omi lemọ́lemọ́ ni ó yẹ ilẹ̀ náà, nítorí omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yóò kàn jò kọjá gbòǹgbò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ajílẹ̀ òyìnbó: ó sàn kí a pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ju kí a dà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ. Ìgbẹ́ adìyẹ, ewé jíjẹrà àti koríko tí a fi bo ilẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́ láti di omi àti ọ̀rá mú.

Ẹ̀gẹ́ àti ọ̀dùnkún máa ń ta dáadáa nínú iyanrìn, wọ́n sì rọrùn láti wà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kó wọn kí omi tó kún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn yóò rà. Ìrẹsì tó ń fẹ́ omi dídúró bá kòtò amọ̀ ẹ̀yìn òkìtì mu ju iyanrìn lọ. Kòkó kò bá ilẹ̀ yìí lára mu rárá, nítorí ó ń fẹ́ ilẹ̀ jíjìn tí ń di omi mú láìsí pé omi rọ́ sí i.

Iyanrìn kì í pẹ́ kí ó tó jẹ́ kí omi ìdọ̀tí kọjá, nítorí náà ṣáláńgá tí a gbẹ́ nítòsí kànga etí odò lè ba omi mímu jẹ́.

Wíwa iyanrìn

Àwọn kọ́lékọ́lé fẹ́ràn iyanrìn odò fún búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré, nítorí omi ti fọ amọ̀ kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá wa iyanrìn inú odò ju èyí tí ìkún omi ń kó wá lọ, odò náà yóò jìn sí i. Bèbè yóò máa ya lulẹ̀, ìpìlẹ̀ afárá lè yọ síta, omi abẹ́ ilẹ̀ etí odò yóò sì lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú odò. Oko àkùrọ̀ tí ó ti ń rí omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè wá gbẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ilẹ̀ oko náà. Igi àti koríko tí a bá fi sílẹ̀ lórí bèbè ń dín yíya rẹ̀ kù.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀ nínú oko

A lè bu erùpẹ̀ sínú ìgò, kí a da omi sí i, kí a sì gbọ̀n ọ́n dáadáa. Iyanrìn yóò rì láàárín ìṣẹ́jú kan, erùpẹ̀ kíkúnná yóò rì láàárín wákàtí díẹ̀, amọ̀ sì lè má tíì rì tán ní ọjọ́ kejì. Ìwọ̀n ìpele kọ̀ọ̀kan ni ó ń fi irú ilẹ̀ náà hàn. Ó yẹ kí a ṣe ìdánwò yìí ní ibi púpọ̀ nínú oko etí odò, nítorí iyanrìn àti amọ̀ lè wà ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ díẹ̀ péré sí ara wọn.