Etí Tí Ń Ṣọ́ Ìpè ní Àbújá

Etí ọba nílé, etí ọba lóko, ènìyàn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ìjọba Àpapọ̀ kó kúrò ní Èkó Àkéte, ìlú ọgbọ́n, tí ó sì fìdí kalẹ̀ sí Àbújá ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, ènìyàn náà ni etí tí ń ṣọ́ ìpè ní ọ́fíìsì ńlá: ẹni tí ó jókòó ti súìṣíbọ́ọ̀dù, tí ó jẹ́ pé bí wáyà bá ń pariwo ṣìì, òun ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, tí yóò so ọ̀gá mọ́ wáyà mìíràn, kí ó tó fẹjọ́ sun NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985.

Òfin 75 ti ọdún 1992 bí NCC, àjọ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ tẹlifóònù, àjọ náà sì lu ìwé àṣẹ GSM, ti tẹlifóònù alágbèéká, ní gbàǹjo ní Àbújá ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2001, ní mílíọ̀nù 285 dọ́là fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó gọbọi! Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2012, NCC bu ìtanràn bílíọ̀nù 1.17 náírà lé ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù mẹ́rin lórí nítorí iṣẹ́ tí kò dójú ìwọ̀n. Ìpè tí ó wọlé, èyí tí ó já àti ọ̀nà tí ó dí ni ìwọ̀n náà ń kà nígbà náà. Bí ohùn bá ń ké bí ẹni tí omi gbé, tí ìpè kò ṣáà já, ìwọ̀n kò rí i sọ.

Àwọn onímọ̀ àgbáyé ti ní ìwọ̀n ti ohùn: wọ́n á kó ènìyàn sínú yàrá, wọn á ní kí wọ́n gbọ́ ọ, kí wọ́n sì fún un ní máàkì láti 1 dé 5. Lónìí, kọ̀ǹpútà ni í ṣírò máàkì náà, láti inú ohùn tí ó sọnù lọ́nà, èyí tí kò dé lásìkò, àti ìdádúró, tí kò yẹ kí ó ju ìdá 150 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ.

Ní ọ́fíìsì òde òní, níbi tí tẹlifóònù ń gba ìlà kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ aṣọ́pè, tí ń wo bí ìpè ṣe ń lọ, ni ó rọ́pò etí ènìyàn náà. Ibẹ̀ ni àdììtú wà. Òṣìṣẹ́ ní Wuse ń pariwo pé òun kò gbọ́ ẹnìkejì ní Maitama, ẹ̀rọ aṣọ́pè sì ń fi òfo hàn, nítorí pé ìkíni ìpè, ìyẹn àmì tí ń bẹ̀rẹ̀ ìpè tí ó sì ń parí rẹ̀, nìkan ni ó ń gba ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n gbé e dúró sí. Bí wọ́n bá ti gbé tẹlifóònù tán, ohùn fúnra rẹ̀, tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ bí 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, sábà máa ń gba ọ̀nà tààrà láti tẹlifóònù dé tẹlifóònù. Nítorí náà, ibi tí aṣọ́pè dúró sí ni onímọ̀ gidi í kọ́kọ́ béèrè, kì í ṣe ohun tí ó wí. Àwọn kan a gbé aṣọ́pè kan sí ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn a jẹ́ kí tẹlifóònù fúnra rẹ̀ máa rán ìròyìn, bí ẹ̀rọ ààbò ilé-iṣẹ́ kò bá ti dínà mọ́ ọn.