Ẹ̀kọ́ Buddha: Ọgbọ́n, Àánú àti Ìdáǹdè, bí a ti lè wò ó láti Òṣogbo

Ẹ̀kọ́ Buddha jẹ́ ẹ̀sìn àti ọ̀nà ìgbé ayé tó bẹ̀rẹ̀ ní àríwá Íńdíà ní nǹkan bí ọdún 2,500 sẹ́yìn. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ lónìí ju mílíọ̀nù 300 lọ, ilẹ̀ Éṣíà sì ni púpọ̀ nínú wọn wà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló gbé e ró: ọgbọ́n, àánú, àti ìdáǹdè kúrò nínú ìyà. Ẹni tó dàgbà sí Òṣogbo tàbí Iléṣà kò ní ṣàjèjì sí méjì àkọ́kọ́, nítorí ẹsẹ Ifá kún fún wọn. Ẹ̀kẹta ló máa jẹ́ kó fọwọ́ lẹ́rán. Ìdáǹdè tí Buddha ń sọ ni kí ènìyàn má padà wá sáyé mọ́, bẹ́ẹ̀ ohun tí Yorùbá ń tọrọ ni pé kí ẹni ire tún yà lọ́dọ̀ wa.

Siddhartha Gautama, tí a wá mọ̀ sí Buddha, lorúkọ ẹni tó dá ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Lumbini, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Nepal lónìí, ni wọ́n bí i sí, nínú ìdílé olóyè ẹ̀yà Shakya. Ìtàn ní bàbá rẹ̀ fi ìgbádùn sé e mọ́ ààfin, títí ó fi jáde lọ́jọ́ kan tó rí arúgbó, aláìsàn àti òkú. Ní ọmọ ọdún 29, ó fi aya, ọmọ àti ààfin sílẹ̀. Ó fi ebi pa ara rẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kó kú, ó wá rí i pé ìyẹn náà kò la ojú ẹnikẹ́ni. Abẹ́ igi kan ní Bodh Gaya ló jókòó sí tí ojú rẹ̀ fi là, nígbà tó pé ọmọ ọdún 35. Ó kọ́ni fún ọdún 45, ó sì kú ní Kushinagar ní ẹni ọdún 80. Kò pe ara rẹ̀ ní Ọlọ́run.

Ìwàásù àkọ́kọ́ tó ṣe ní Sarnath ni ìdí gbogbo ẹ̀kọ́ yìí. Ó ní ìyà wà láyé: àìsàn, ogbó, ikú, àìrí ohun tí a fẹ́, àti bíbá ohun tí a kórìíra gbé. Ó ní ìfẹ́ tí kì í tẹ́ lọ́rùn ló ń fa ìyà náà, pé ó lè dópin, àti pé ọ̀nà kan wà tí a lè tọ̀. Ọgbọ́n, lójú Buddha, kì í ṣe ká mọ nǹkan púpọ̀. Ká rí i ní àrídájú pé kò sí ohun tó dúró lójú kan ni. Ìtàn obìnrin kan tó ń jẹ́ Kisa Gotami ló fi èyí hàn jù. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kú, ó gbé òkú náà kiri, ó ń wá oògùn. Buddha ní kó lọ tọrọ hóró músítádì wá láti ilé tí ẹnìkan kò tíì kú rí. Ó kan ilẹ̀kùn títí, gbogbo ilé ló ní músítádì, gbogbo ilé ló sì ti sin òkú. Ìgbà náà ló lọ sin ọmọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wàásù fún un, àwọn aládùúgbò ló kọ́ ọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa le fún wa ni pé Buddha tún ní bí a bá wá “èmi” nínú ara àti ọkàn, a kò ní rí ohun kan tí kì í yí padà. Yorùbá gbà pé olúkúlùkù ti yan orí rẹ̀ lọ́dọ̀ Àjàlá, ẹni tó ń mọ orí, kó tó wáyé, orí náà sì ni tirẹ̀ títí dópin. Mi ò rò pé a lè so àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí pọ̀, kò sì yẹ ká fi tipá so wọ́n.

Ti àánú ló súnmọ́ wa jù. Àánú ti Ìjẹ̀ṣà a máa ti ilé bẹ̀rẹ̀: Ajíbógun, Ọwá Obòkun, ló rìnrìn àjò lọ bu omi òkun wá kí ojú bàbá rẹ̀ lè là, àṣeyọrí yẹn sì wà nínú oríkì oyè Ọwá títí dòní. Àwọn ọmọlẹ́yìn Buddha pẹ̀lú máa ń fi ire ara wọn àti ti ẹni tí wọ́n fẹ́ràn bẹ̀rẹ̀ nínú àṣàrò wọn, wọn á wá tan án dé ọ̀dọ̀ àlejò, dé ọ̀dọ̀ ọ̀tá, dé ọ̀dọ̀ ẹranko àti kòkòrò. Ọba Ashoka ti Íńdíà, lẹ́yìn tó ti pa ènìyàn rẹpẹtẹ nínú ogun Kalinga, kábàámọ̀, ó gba ẹ̀kọ́ yìí, ó sì gbẹ́ òfin sára òkúta pé kí wọ́n dín ẹran pípa kù.

Irú òfin bẹ́ẹ̀ wà ní Òṣogbo láìsí òkúta. Nínú igbó Ọ̀ṣun, tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, a kì í dọdẹ, a kì í pẹja, a kì í gé igi, ìdí nìyẹn tí ọ̀bọ fi ń rìn níbẹ̀ bí onílé. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Ọ́stríà tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn ọlọ́nà Òṣogbo bíi Adébísí Àkànjí ló tún ojúbọ ibẹ̀ ṣe, tí wọ́n sì kọjú ìjà sí àwọn tó fẹ́ gé igbó náà. UNESCO kọ ọ́ mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún tẹ́ńpìlì tó wà nídìí igi Bodh Gaya. Àdùnní kú ní Òṣogbo ní ọjọ́ 12 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2009, ní ẹni ọdún 93.

Ẹ tún wo Guanyin, tí àwọn ará Ṣáínà ń ké pè. Ní Íńdíà, ọkùnrin ni, Avalokiteshvara lorúkọ rẹ̀, ẹni tí àánú gbogbo ẹ̀dá ń ṣe. Nígbà tó dé Ṣáínà, díẹ̀díẹ̀ ló di obìnrin aláṣọ funfun tó gbé ìgò omi dání, tí àgàn ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró sétí odò lóṣù Ògún, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, tí Arugbá, wúńdíá tó ń ru igbá ẹbọ, ń bọ̀ tí àwọn obìnrin ń bu omi Ọ̀ṣun lọ sílé, kò nílò àlàyé kankan. Kò sí èyí tó kọ́ ọ láti ọ̀dọ̀ èkejì. Ìyá tó ń wá ọmọ ní ibi méjèèjì ló ń ké sí ẹni tó máa gbọ́.

Ọ̀nà tí Buddha là sílẹ̀ ní ẹ̀ka mẹ́jọ: ìwòye, èrò, ọ̀rọ̀, ìṣe, iṣẹ́ oòjọ́, ìgbìyànjú, ìfarabalẹ̀ kíyè sí ara ẹni, àti àṣàrò, gbogbo rẹ̀ lọ́nà tó tọ́. Lábẹ́ iṣẹ́ oòjọ́, ó ní kí ọmọlẹ́yìn má ta ohun ìjà, ènìyàn, ẹran, ọtí tàbí májèlé. Ẹlẹ́mu máa ráhùn, ṣùgbọ́n olórìṣà funfun, tí ẹmu jẹ́ èèwọ̀ fún, á mi orí. Ìṣe ẹni, tí wọ́n ń pè ní karma, dà bí òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà: kò ní dìde títí a ó fi san gbèsè. Ìwà ni Ifá náà gbé gbogbo rẹ̀ lé. Nínú ìtàn tí Wándé Abímbọ́lá kọ nípa rẹ̀ ní 1975, Ìwà jẹ́ aya Ọ̀rúnmìlà, nígbà tó sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ọgbọ́n bàbá kò mú ire kankan wá mọ́.

Òpin ọ̀nà náà ni nirvana: iná ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, ìbínú àti àìmọ̀ kú, bíbí àti kíkú sì dópin. Àwọn ará Sri Lanka, Thailand àti Myanmar di èyí mú ṣinṣin. Ní Ṣáínà, Jàpáàn àti Tibet, ẹni tí wọ́n ń yìn jù ni bodhisattva, ẹni tó ti dé ẹnu ọ̀nà ìdáǹdè tó ní òun kò ní dá wọlé, òun á máa padà wá sáyé títí gbogbo ẹ̀dá á fi bọ́. Níbí ni ọ̀nà wọn àti tiwa ti tún pàdé. Nígbà tí Dalai Lama kẹtàlá, olórí ẹ̀sìn Tibet tí wọ́n kà sí irú bodhisattva bẹ́ẹ̀, kú ní 1933, àwọn àgbà Tibet wá a lọ láàárín àwọn ọmọ tuntun. Wọ́n rí ọmọ kan tí wọ́n bí ní 1935, wọ́n kó ẹrù olóògbé pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn síwájú rẹ̀, ó sì ṣa ti olóògbé. Ọmọ ọdún méjì ni. Òun ni Dalai Lama kẹrìnlá, tó gba ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel ní 1989. Babaláwo tó ń ṣe àkọsẹ̀jayé ní Iléṣà ì bá ti sọ ọ́ ní Babátúndé.