Bakitéríà Ilẹ̀ Tútù Nínú Oko Orí Òkè Himalaya

Ní ìpínlẹ̀ Uttarakhand, lápá àríwá orílẹ̀-èdè Íńdíà, ara òkè Himalaya gan-an ni àwọn àgbẹ̀ ń dá oko sí. Wọ́n a gé ilẹ̀ ní ìpele ìpele, wọ́n a sì fi òkúta mọ ògiri sí etí ìpele kọ̀ọ̀kan kí ọ̀gbàrá má baà kó erùpẹ̀ lọ. Ìgbà òjò ni ti ìrẹsì, ẹ̀wà àti ọkà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní mandua. Bí Oṣù Kẹwàá bá ti wọlé, ó kan àlìkámà àti báálì, tí yóò wà nínú ilẹ̀ la gbogbo ìgbà òtútù já títí ìkórè yóò fi dé. Ìgbẹ́ màlúù tí wọ́n pò mọ́ ewé gbígbẹ láti inú igbó ni ajílẹ̀ àbáláyé ibẹ̀. Irú ajílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe irúgbìn lóore àyàfi bí àwọn kòkòrò àìfojúrí bá jẹ ẹ́ rà, òtútù sì máa ń dá ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́wọ́ kọ́. Síbẹ̀ àlìkámà ń hù lórí òkè yìí láti ayébáyé.

Pé àwọn bakitéríà kan wà tí òtútù kì í dí lọ́wọ́ kì í ṣe ìròyìn tuntun. Lọ́dún 1887, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Forster rí irú èyí tó ń tan ìmọ́lẹ̀ lára ẹja, ó sì rí i pé wọ́n ń pọ̀ sí i ní dígírì 0 lórí òṣùwọ̀n Celsius, níbi tí omi ti ń dì. Olùwádìí mìíràn, Schmidt-Nielsen, fún irú wọn lórúkọ tiwọn lọ́dún 1902: psychrophile, ìyẹn olólùfẹ́ òtútù. Ṣùgbọ́n ẹja, ẹran àti mílíìkì tó ń bàjẹ́ nínú yàrá òtútù ló jẹ àwọn olùwádìí lógún jù. Oko kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tó ń wo oko ní tiwọn sì gba ọ̀nà mìíràn lọ. Lọ́dún 1888, Beijerinck, ará Netherlands, ya bakitéríà inú kókó gbòǹgbò ẹ̀wà sọ́tọ̀. Lọ́dún 1904, Hiltner, ará Jámánì, ṣàlàyé pé erùpẹ̀ tó bá rọ̀ mọ́ gbòǹgbò kún fún àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí ju erùpẹ̀ lásán lọ.

Ohun tó fi àwọn bakitéríà ilẹ̀ tútù pamọ́ ni àpótí tí wọ́n fi ń tọ́ bakitéríà ní yàrá ìwádìí. Dígírì 28 sí 30 ni ooru tí wọ́n sábà máa ń fi sí i fún bakitéríà inú ilẹ̀. Ní irú ooru bẹ́ẹ̀, àwọn tó fẹ́ràn òtútù gidi á kú, àwọn tó kàn ń fara dà á á sì pòórá sáàárín àwọn tó ń yára bímọ. Richard Morita ló la ààlà sáàárín ẹgbẹ́ méjèèjì yìí lọ́dún 1975: àwọn olólùfẹ́ òtútù kì í lè dàgbà bí ooru bá ti kọjá dígírì 20, dígírì 15 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀ ló sì tẹ́ wọn lọ́rùn jù, àwọn afaradà lè gbé nínú òtútù, ṣùgbọ́n ibi tó móoru ni wọ́n ti ń gbèrú. Ààlà yìí ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ oko. Ilẹ̀ oko orí òkè kì í tutù yípo ọdún. Oòrùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ń gbóná sí i lórí. Àwọn afaradà ni irú ibẹ̀ yẹ, àwọn ni wọ́n sì bá níbẹ̀.

Àwọn tó bá wọn níbẹ̀ jẹ́ olùwádìí ilé iṣẹ́ kan tó wà nítòsí oko náà fúnra rẹ̀. Boshi Sen, onímọ̀ nípa ewéko tó ti bá onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Jagadish Chandra Bose ṣiṣẹ́, dá yàrá ìwádìí kan sílẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀ ní Calcutta lọ́dún 1924, ó sì fi orúkọ Swami Vivekananda, aṣáájú ẹ̀sìn Híńdù, pè é. Lọ́dún 1936 ó kó o lọ sí Almora, ìlú orí òkè tó ga tó nǹkan bí mítà 1,600. Sen kú lọ́dún 1971. Ọdún 1974 ni yàrá náà bọ́ sọ́wọ́ àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba Íńdíà. Irúgbìn tó bá òkè mu ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá níbẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó kan bakitéríà.

Nígbà tó kàn án, ohun tí wọ́n ṣe kò ṣòro rárá. Wọ́n po erùpẹ̀ mọ́ omi, wọ́n tẹ́ ẹ sórí oúnjẹ bakitéríà nínú àwo pẹlẹbẹ, wọ́n sì gbé àwo náà sí dígírì 4, bíi ti inú fíríìjì. Láti ìdí igi ápù ni Exiguobacterium acetylicum 1P ti jáde, ó ní àwọ̀ ìyeyè, ó sì lè dàgbà láti dígírì 4 títí dé 42. Ilẹ̀ apá òkè ni wọ́n ti rí Pantoea dispersa 1A. Serratia marcescens SRM kò tilẹ̀ ti inú ilẹ̀ wá: òdòdó irú elégédé kan ni wọ́n ti mú un. Ọdún 2008 ni ìròyìn àwọn méjì tó gbẹ̀yìn yìí jáde. Kí á má sì ṣàsọdùn: àwọn ẹ̀yà náà ti lórúkọ tẹ́lẹ̀, ìran wọn tó ń fara da òtútù ni tuntun. A tilẹ̀ mọ Serratia marcescens sí bakitéríà tó ń kó àrùn ran aláìsàn ní ilé ìwòsàn, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni yára dà á sí oko.

Bí àwọn bakitéríà afaradà yìí ṣe ń borí òtútù rọrùn láti rí nínú ilé ìdáná. Nígbà ọyẹ́, àdí àgbọn á dì gbagidi, òróró ẹ̀pà á sì máa ṣàn, nítorí pé irú ọ̀rá inú wọn yàtọ̀. Awọ tó bo bakitéríà náà ní ọ̀rá nínú. Bí òtútù bá dé, ẹ̀dá yìí á fi èyí tí kì í tètè dì kún un kí oúnjẹ lè máa ráyè wọlé. Ó tún ń pèsè àwọn purotéènì tí kì í jẹ́ kí iṣẹ́ inú rẹ̀ dúró, àti àwọn èròjà bíi ṣúgà trehalose tó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ yìnyín.

Àǹfààní wọn fún àlìkámà wá láti inú iṣẹ́ tí kò dáwọ́ dúró yìí. Nínú ilẹ̀ tútù, gbòǹgbò kì í fi bẹ́ẹ̀ rí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì fà, nítorí èyí tó pọ̀ jù ti so mọ́ irin, alumíníọ́ọ̀mù tàbí kálísíọ́ọ̀mù. Bakitéríà tó bá ń tú ásíìdì jáde lè tú u sílẹ̀. Láti ọdún 1948 ni oúnjẹ bakitéríà tí olùwádìí kan, Pikovskaya, pò ti ń fi èyí hàn: àyíká bakitéríà tó bá mọ iṣẹ́ náà á mọ́ gaara nínú àwo tó funfun bí ẹfun. Àwọn kan tún ń ṣe èròjà tó ń mú gbòǹgbò gùn. Nígbà tí wọ́n fi àwọn bakitéríà Almora ra irúgbìn àlìkámà tí wọ́n sì gbìn ín sínú òtútù, ọ̀gbìn kékeré náà dára ju èyí tí wọn kò ra ní nǹkan kan. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Kánádà ṣáájú: Pseudomonas putida GR12-2, láti ilẹ̀ yìnyín àríwá ibẹ̀, mú gbòǹgbò canola, irúgbìn olóròóró kan, gùn sí i ní dígírì 5.

Inú ìkòkò àti yàrá ìwádìí ni púpọ̀ nínú àbájáde wọ̀nyí ti wá. Nínú oko, bakitéríà tí wọ́n bá mú wá gbọ́dọ̀ bá àwọn onílé du oúnjẹ, ó sì gbọ́dọ̀ wà láàyè nínú àpò láti ilé iṣẹ́ títí dé ọwọ́ àgbẹ̀ tó ń gun òkè. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi ń wá bakitéríà láti orí òkè fún oko orí òkè: èyí tí wọ́n bá ti tọ́ fún ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ kì í sábà ṣiṣẹ́ dáadáa bí ilẹ̀ bá tutù.